Weston Létí Odò Humber, Ìlú Tí Omi Lé Sọdá

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ wa kì í yé bi wá nígbà tí a bá kó wọn lọ sí etí odò Humber ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù tó, tí ẹran orí iná sì ti fẹ́ jinná, ọ̀kan nínú wọn á dúró, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé síbí?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Owó ilé ní Toronto ti kọjá ohun tí à ń fẹnu sọ. Síbẹ̀ ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, tó ní koríko àti igi, ló lọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bá odò láti Weston sí ìsàlẹ̀, tí a kò sì fi ilé kún un. Púpọ̀ nínú àwa òbí máa ń fèsì pé ìjọba ibí ló fẹ́ràn ọ̀gbà ìgbafẹ́. Ìdáhùn yẹn kò kún tó. Ìtàn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀mí ènìyàn sì bá a lọ. A fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa níhìn-ín, ṣùgbọ́n a ní láti kọ́kọ́ sọ bí Weston fúnra rẹ̀ ṣe dé ibi tó wà, nítorí pé odò kan náà ló ṣe méjèèjì.

Weston kì í ṣe ìlú tó dá dúró mọ́. Ní 1881 ni wọ́n fún un ní àṣẹ abúlé tó ń ṣe ìjọba ara rẹ̀, ó sì di ìlú tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Ní 1967 wọ́n dà á pọ̀ mọ́ York, nígbà tó sì di 1998 York náà wọ inú Toronto tí a mọ̀ lónìí. Orúkọ nìkan kọ́ ló ṣẹ́kù o. Ẹ bi àgbàlagbà tí wọ́n bí síbẹ̀ léèrè ibi tó ti wá, Weston ni yóò dá yín lóhùn, kò ní pe Toronto, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìjàyè ní Abẹ́òkúta ti í pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ìjàyè kó tó pe ara rẹ̀ ní ará Abẹ́òkúta.

Odò Humber gùn tó 100 kìlómítà. Láti àwọn òkè tó wà ní àríwá ló ti ń ṣàn bọ̀, gúúsù ló sì ń lọ, títí yóò fi wọ inú adágún Ontario. John Graves Simcoe, gómìnà àkọ́kọ́ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ ní apá ibí, ló sọ ọ́ ní Humber, ó fi orúkọ odò kan ní ilẹ̀ wọn pè é. Kò sí odò tó ń dúró de òyìnbó kó tó ní orúkọ. Àwọn Anishinaabe, tí wọ́n jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀, ń pè é ní Cobechenonk, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí ènìyàn fi ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀ kó padà. Ẹni tó bá ti dúró létí odò náà ní Weston ní oṣù kẹjọ á mọ̀ pé wọn kò parọ́. Omi náà a máa fà débi pé àpáta á yọrí, ọmọdé á sì rìn ín kọjá kí omi má dé orúnkún rẹ̀. Ọkọ̀ kò lè gbà á lọ jìnnà.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Ọ̀nà kan wà tí ó gba ẹ̀bá odò lọ sí àríwá, nǹkan bí 45 kìlómítà, títí tí wọ́n á fi kan odò mìíràn tó lọ sínú adágún Simcoe, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wọ àwọn adágún ńlá òkè lọ́hùn-ún. Wọ́n á gbé ọkọ̀ lé èjìká, wọ́n á ru ẹrù sí ẹ̀yìn. Ọ̀nà yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní Toronto Carrying-Place. Àwọn Huron-Wendat rìn ín, àwọn Seneca tẹ ìlú kan tó ń jẹ́ Teiaiagon dó sí ẹ̀bá rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń pè ní Baby Point lónìí, àwọn Mississauga náà sì gbé létí odò náà. Àwa tí àwọn baba ńlá wa jẹ́ aláàárù, tí wọ́n ru èkùrọ́ àti epo láti òkè wá sí Èkó kí reluwé tó dé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún wa ohun tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ọjà ni, ìròyìn ni, ogun ni nígbà mìíràn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1793, Simcoe fúnra rẹ̀ rin ọ̀nà yìí lọ sí adágún tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé rẹ̀ lónìí. Ní ọdún yẹn kan náà, ní oṣù keje, ni wọ́n ṣe òfin lábẹ́ ìjọba rẹ̀ láti dín òwò ẹrú kù ní ìpínlẹ̀ yìí. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ òfin náà dáadáa, nítorí pé wọ́n máa ń yìn ín ní ilé-ìwé ju bó ti yẹ lọ. Kò dá ẹrú kan ṣoṣo sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ohun tó ṣe ni pé ó ní kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrú tuntun wọlé mọ́, àti pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ẹrú bá bí lẹ́yìn ìgbà náà yóò gba òmìnira nígbà tó bá pé ọdún 25. Ẹrú tó wà lóko ẹrú wà níbẹ̀. Ó di 1834 kí òfin òmìnira tó kan ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kò mọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ní 1787 ni àwọn aṣojú ọba ní àwọn ti ra ilẹ̀ Toronto lọ́wọ́ àwọn Mississauga. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ìwé tí wọ́n ṣe kò péye, ni wọ́n bá tún ṣe òmíràn ní 1805, ṣílè mẹ́wàá péré sì ni iye owó tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ fún ilẹ̀ tó lé ní 250,000 éékà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣílè mẹ́wàá. Àwọn Mississauga kò gbàgbé. Wọ́n bá ìjọba fà á títí di 2010 kí wọ́n tó san mílíọ̀nù 145 dọ́là fún wọn láti fi yanjú ẹjọ́ náà. Ẹni tó bá ti bá ẹbí ṣẹjọ́ ilẹ̀ ní ilé mọ̀ pé igba ọdún kì í pọ̀ jù lẹ́nu ọmọ onílẹ̀.

Omi tó ń já ṣòòròṣò, tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá, òun gan-an ni àwọn òyìnbó tó wá tẹ̀dó rí tí inú wọn dùn. Wọ́n lè fi í yí ẹ̀rọ. Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n ti gbé ilé ìlagi kalẹ̀ létí Humber, pákó tí wọ́n là níbẹ̀ sì wúlò fún ilé kíkọ́ ní gbogbo agbègbè. Lẹ́yìn ilé ìlagi ni ilé ìlọ àlìkámà tẹ̀ lé e. Ìdílé Wadsworth, tí wọ́n jẹ́ ọlọ́lọ̀ àlìkámà, ló fún abúlé náà ní orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní. Wọ́n fi orúkọ ìlú tí wọ́n ti wá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ní Weston.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí. Nǹkan bí àkókò yẹn náà, ní 1830, ni àwọn Ẹ̀gbá sá ogun dé abẹ́ Olúmọ, létí odò Ògùn. Ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn ti di ahoro, wọ́n sì kó orúkọ rẹ̀ wá sọ àdúgbò tuntun. Ìdí nìyẹn tí a fi ní Aké, Ìtòkò, Ìkìjà, Ìjẹùn àti àwọn yòókù nínú Abẹ́òkúta. Ọlọ́lọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sá ogun ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ṣe. Ẹni tó bá kúrò ní ilé a máa fẹ́ pe orúkọ ilé níbi tó bá dé. Àwa tí a kọ orúkọ ìlú wa sí ara ṣọ́ọ̀bù ní Weston Road kò dá àṣà náà sílẹ̀, a bá a níbẹ̀ ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, apá ìwọ̀-oòrùn odò ni abúlé náà wà. Òpópónà St. Phillips tó wà níbẹ̀ títí di òní jẹ́ ara ilẹ̀ àtijọ́ náà. Láàárín 1840 sí 1850 ni ilé-iṣẹ́ kan tẹ́ pákó sójú ọ̀nà tó wá láti Toronto, kí kẹ̀kẹ́ ẹrù má baà rì sínú ẹrẹ̀, wọ́n sì fi oníbodè sí i láti máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá. Àwọn àgbẹ̀ kò fẹ́ràn oníbodè nílẹ̀ kankan láyé, ṣùgbọ́n ọ̀nà pákó yẹn ló sọ Weston di ibi tí ẹrù ń gbà. Òun la wá mọ̀ sí Weston Road.

Ní 1850 ni omi dé. Odò Humber kún, ó gba ẹ̀rọ, ó gba ilé, ó ba abúlé tó wà ní ìwọ̀-oòrùn jẹ́ débi pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tún un kọ́ mọ́. Wọ́n sọdá sí ìlà-oòrùn, níbi tí ilẹ̀ ti ga. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 1856, reluwé Grand Trunk tó ń lọ sí Guelph gba apá ìlà-oòrùn yẹn kọjá, wọ́n sì ṣe afárá ńlá fún un lórí odò ní àríwá abúlé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Omi ló lé Weston kúrò níbi tó wà, reluwé ló sì dè é mọ́lẹ̀ níbi tó sá dé. Fún ìfiwéra, 1901 ni ọkọ̀ reluwé bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn.

Ohun tó yẹ kí a fiyè sí ni pé àwọn ará 1850 mọ ohun tí odò náà lè ṣe. Wọ́n sá fún un. Ṣùgbọ́n ìran wọn gbàgbé, a ó sì dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Weston gbèrú lẹ́yìn reluwé. Ní 1857 ni wọ́n dá ilé-ìwé gíga tó di Weston Collegiate Institute sílẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ọdún 1858 ni wọ́n bí Joseph Burr Tyrrell ní abúlé náà. Òfin ló kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le, dókítà sì gbà á níyànjú pé kó wá iṣẹ́ tí yóò máa gbé e jáde sí ìta. Ló bá di ẹni tó ń wádìí òkúta àti ilẹ̀ fún ìjọba. Ní 1884, nígbà tó ń rìn ní àfonífojì odò Red Deer ní Alberta, ó bá orí ẹran ńlá ayé àtijọ́ kan nínú òkúta, irú èyí tí àwọn ọmọdé mọ orúkọ wọn ju orúkọ àwọn ìbátan wọn lọ, ìyẹn dinosaur. Albertosaurus ni wọ́n wá sọ ọ́. Ní 1893 òun àti àbúrò rẹ̀ James gba aginjù àríwá tí igi kì í hù kọjá, ibi tí àwọn òyìnbó kò tí ì mọ̀. Ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà ní Drumheller ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí dókítà rò pé ara rẹ̀ kò ní lè gba iṣẹ́ ọ́fíìsì, 98 ọdún ló gbé láyé, ó kú ní 1957.

Ní ti ilé-iṣẹ́, a kò lè sọ̀rọ̀ Weston kí a má dárúkọ kẹ̀kẹ́ ológeere. Ẹ̀yin tí bàbá yín gun Raleigh lọ sóko tàbí lọ sí ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni, ẹ rántí bí kẹ̀kẹ́ náà ti níyì tó, bí wọ́n ti ń fi epo nu ún ní alaalẹ́. Nottingham ni wọ́n ti ń ṣe Raleigh. Ohun tí Raleigh jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni CCM jẹ́ fún ọmọ Kánádà. Ní 1899 ni àwọn oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ mélòó kan para pọ̀ dá a sílẹ̀, nígbà ogun àgbáyé kìíní ni wọ́n sì kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá sí Weston, ní ẹ̀bá Lawrence Avenue. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bàtà onírin tí wọ́n fi ń sáré lórí yìnyín ni wọ́n ń ṣe fún ìgbà òtútù. Ilé-iṣẹ́ Moffat tó ń ṣe sítóòfù náà wà ní Weston. Iṣẹ́ wà, owó ń wọlé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́.

Ní 1983 CCM ti ilẹ̀kùn Weston. Kẹ̀kẹ́ tó wá láti òkè òkun ti pọ̀, gbèsè sì ti wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn. Lójú tiwa, ọdún yẹn ló ya Weston àtijọ́ nípa sí Weston tí àwa mọ̀. Nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn ìdílé láti Karíbíánì, Sòmálíà, Gánà àti Nàìjíríà wá ń gba ilé nínú àwọn ilé gogoro tó tò sí Weston Road, iṣẹ́ tó mú kí wọ́n kọ́ ìlú náà ti lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wo ṣọ́ọ̀bù tó ti pa, wọn a ní àwọn àjèjì ló dé tí Weston fi rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má gbà fún wọn. Ilé-iṣẹ́ ló kọ́kọ́ lọ.

Ilé ìwòsàn kan tún wà tó yẹ ká mẹ́nu bà. Ní 1904, nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń pa àwọn ènìyàn bí ẹni ń gé igi, tí ilé ìwòsàn gbogbo ń bẹ̀rù láti gba aláìsàn náà, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ fún àwọn tálákà tó ní in sí ẹ̀bá Humber ní Weston. Afẹ́fẹ́ tó mọ́ ni ìtọ́jú tí wọ́n mọ̀ nígbà yẹn, odò àti igi sì wà. Àwọn aláìsàn kan tilẹ̀ sùn nínú ògbólógbòó ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Ní 1913 ni wọ́n ṣí ti àwọn ọmọdé. Òun náà ló wá di West Park.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ìbéèrè àwọn ọmọ wa.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún lẹ́yìn 1850, àwọn ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí etí odò. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò wọ́n tó ti òkè, ó sì dára lójú. Ní ìwọ̀-oòrùn odò, ní gúúsù Lawrence Avenue, òpópónà kan wà tó ń jẹ́ Raymore Drive. Ìdílé àwọn òṣìṣẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan so wọ́n mọ́ Weston tó wà lódìkejì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1954, ni ìjì líle tí wọ́n ń pè ní Hazel dé. Ó ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ní Haiti, ó gba etí òkun Amẹ́ríkà wọlé, gbogbo ènìyàn sì rò pé agbára rẹ̀ á ti tán kó tó dé Ontario. Ilé-iṣẹ́ ojú-ọjọ́ kéde pé òjò ńlá ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ irú òjò tó jẹ́. Ilẹ̀ ti mu omi yó láti ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò ti ń rọ̀, kò lè mu sí i mọ́. Nígbà tí òjò tó lé ní 200 mílímítà wá rọ̀ láàárín ọjọ́ kan, kò sí ibòmíràn tí omi lè gbà ju inú odò lọ. Odò tí ọmọdé ń rìn kọjá ní oṣù kẹjọ ga sókè ní nǹkan bí mítà mẹ́fà.

Òru ni. Iná mànàmáná ti lọ. Ní Raymore Drive, afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó so wọ́n mọ́ Weston já ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì já ní èkejì. Omi gbá a, ó yí padà, ó dábùú odò bí ògiri, ó sì darí ìgbì omi náà tààrà sí òpópónà tí àwọn ènìyàn ti ń sùn. Ilé 14 ni omi gbé lọ. Ènìyàn 35 ló kú ní òpópónà kan ṣoṣo yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ìsàlẹ̀ odò, àwọn panápaná márùn-ún tí wọ́n fi ara wọn jìn, tí wọ́n lọ yọ àwọn tí omi há mọ́ inú ọkọ̀, bá omi lọ. Gbogbo ẹni tó kú ní Kánádà nítorí ìjì náà jẹ́ 81.

A kì í kọ́ àwọn ọmọ wa ní òwe "omi ò lọ́tàá" kí a má fi ọ̀rọ̀ yìí kún un.

Ohun tí ìjọba ibí ṣe lẹ́yìn náà ló mú kí ìtàn yìí yẹ ní sísọ fún àwa ọmọ Yorùbá. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n tún Raymore Drive kọ́ sí ẹ̀bá omi. Ní 1957 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa mójú tó àwọn odò agbègbè Toronto, wọ́n fún un ní agbára àti owó láti ra ilẹ̀ tí odò lè gbà nígbà tó bá kún, kí wọ́n sì lé ilé kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n ṣe ìsédò sí Claireville, lókè Weston, ní 1964. Àwọn ilẹ̀ tí wọ́n rà ni wọ́n sọ di ọ̀gbà ìgbafẹ́. Kò dájú pé inú gbogbo onílé ló dùn, nítorí pé ilé ẹni ni ilé ẹni. Ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ tí à ń yan ẹran sí fi ṣófo. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún odò.

Àwọn tó ti Ìbàdàn wá nínú wa á ti máa ronú kan Ògùnpa. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni omíyalé tí kò ṣeé gbàgbé náà ṣẹlẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá a lọ, ọkọ̀ àti ilé kò níye. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, ó ti ṣẹlẹ̀ ní 1978 pẹ̀lú. Wọ́n wa ojú odò Ògùnpa, wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ẹ, ó gba ọ̀pọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀ owó. Síbẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún gba Ìbàdàn, ó sì tún lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú. Òjò tí kò mọ ẹni ọ̀wọ̀ ló rọ̀ ní ìlú méjèèjì. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe sí etí odò lẹ́yìn rẹ̀. Ní Humber, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn fún omi. Lọ́dọ̀ wa, kọnkéré ni wọ́n fi bá omi jà, àwọn ilé sì tún sọ̀ kalẹ̀ dé bèbè. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ẹ̀kọ́ ló yẹ kó jẹ́ fún ará ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ará ẹ̀yìn ní láti gbọ́ pé ẹnìkan jìn sí i ná. A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń fi owó ránṣẹ́ lọ kọ́lé sílé lọ́wọ́lọ́wọ́. Kí wọ́n bi àwọn aládùúgbò ibi tí omi ń gbà ní oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó san owó ilẹ̀.

A kò sọ pé Toronto ti bọ́ lọ́wọ́ omi o. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 2013, òjò 126 mílímítà rọ̀ ní pápá ọkọ̀ òfúrufú Pearson, ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2024 ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 100. Omi wọ ìsàlẹ̀ ilé púpọ̀ ní ìlú náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, ẹ má fi ìwé ìrìnnà àti ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ reluwé náà tún padà wá ní ìgbà tiwa. Nígbà tí wọ́n ń gbèrò ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa gbé èrò láti àárín ìlú lọ sí Pearson, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ni pé kó gba Weston kọjá láìdúró, kí wọ́n sì dí àwọn òpópónà tó gba orí ojú irin kọjá. Ariwo ni Weston á gbọ́, ẹlòmíràn ni yóò wọkọ̀. Àwọn ará ìlú kọ̀, àti arúgbó tó ti wà níbẹ̀ láti ayé CCM, àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ri ojú irin náà mọ́lẹ̀ kí àwọn òpópónà má baà dí, wọ́n ṣe afárá ẹlẹ́sẹ̀ sí John Street, wọ́n sì fún Weston ní ibùdókọ̀. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2015. Owó rẹ̀ wọ́n nígbà náà, dọ́là 27.50 láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun fún ẹni tí kò ní káàdì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òfìfo ló ń sáré, kí wọ́n tó já a sí dọ́là 12 ní oṣù kẹta ọdún 2016. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba àlejò ní Pearson mọ̀ bí ó ti rọrùn tó láti gbé e láti Weston báyìí.

Fún ìdílé tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ìlú yìí, ọjọ́ kan tó. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Weston, kí ẹ kọ́kọ́ lọ wo ilé ìkàwé tó wà ní King Street, èyí tí owó Andrew Carnegie kọ́ ní 1914. Ó kéré, ó sì rẹwà, ẹ wo àwọn òkúta aláràbarà tí wọ́n tò sí ara ògiri rẹ̀. Láàárín àwọn òpópónà kéékèèké tó yí i ká ni àwọn ilé bíríkì ìgbà Ọbabìnrin Victoria wà. Láti ibẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Cruickshank Park tàbí Weston Lions Park, ẹ ó bá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ létí odò. Ẹni tó bá fẹ́ràn golf lè mọ̀ pé lórí pápá Weston tó wà lókè odò ni Arnold Palmer ti gba ife-ẹ̀yẹ Kánádà ní 1955, èyí àkọ́kọ́ tó gbà láàárín àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun. Ẹ tẹ̀ lé odò lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ ó dé Raymore Park. Àmì ìrántí àwọn tó kú wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ègé kọnkéré tó ṣẹ́kù nínú afárá tó já. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án.

Bó bá jẹ́ ìgbà ìwọ́wé ni ẹ lọ, ní òpin oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, ẹ tún máa lọ sí ìsàlẹ̀ títí dé Old Mill. Ẹja salmon tó jẹ́ ti ilẹ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ parẹ́ kúrò nínú adágún Ontario kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Ìsédò àwọn ilé ẹ̀rọ kò jẹ́ kí wọ́n gòkè lọ yé ẹyin, àwọn apẹja sì pa èyí tó kù. Àwọn tí ẹ ó rí níbẹ̀ lónìí, irú ti etí òkun Pacific ni púpọ̀ nínú wọn, ènìyàn ló kó wọn wá sínú adágún náà ní ọ̀rúndún tó kọjá. Wọ́n ti mọ odò náà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀. Wọ́n á fò sókè lójú ìsédò, wọ́n á jábọ́, wọ́n á tún fò. Àwọn èrò á tò sí bèbè, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún èyí tó bá rékọjá. Ẹ mú aṣọ òtútù dání, nítorí pé ẹ lè pẹ́ níbẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ.